Ta Ló Máa Sọ fún Pẹ́pẹ́yẹ

"Orí ta ni?" Tam bi í.

"Orí ẹ ni," Rowley dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n ọkọ̀ mi ni."

"Tó bá ti jẹ́ orí mi, èmi ni mo ni òfo tó wà lókè ẹ̀."

"Òfo tó wà nínú ẹ̀ náà, tìẹ ni. Mi ò bá ẹ du ìyẹn. Dé fìlà."

Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà ní èbúté Ellhaven, àgbàlagbà méjì tí irun wọn ti funfun, ọ̀kan nínú ọkọ̀, èkejì lórí àtẹ̀gùn irin, wọ́n ń jà nítorí fìlà tí kò sí níbẹ̀. Àwọn èrò tó fẹ́ lọ wo ẹyẹ ti jókòó tán. Gbogbo wọn dé fìlà. Ojú wọn ń lọ sọ́dọ̀ Tam, ó ń padà sọ́dọ̀ Rowley, bí ẹni tó ń wo àwọn tó ń gbá tẹníìsì.

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ní Ellhaven pé èèyàn kì í lọ sí erékùṣù Harka lóṣù kẹfà láìdé fìlà. Àwọn ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní olórí-dúdú, wọn ò ju ìkúùkù lọ, etí ọ̀nà gan-an ni wọ́n máa ń yé ẹyin sí. Ẹni tó bá ń kọjá, wọ́n á já wálẹ̀ látojú ọ̀run, wọ́n á fi ẹnu gún un ní àtàrí, wọ́n á tún yàgbẹ́ sí ojú ọgbẹ́ náà, bí ẹni fi èdìdì lu ìwé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n ṣe fi ọ̀dà búlúù kọ ọ́ sára ọkọ̀ Rowley pé: KÒ SÍ FÌLÀ, KÒ SÍ HARKA. Àwọn lẹ́tà náà wọ́ bí àwọn tó ń bọ̀ láti ilé ọtí. Edie ló kọ ọ́. Rowley kun ọkọ̀ náà ní ìgbà ẹ̀rùn yìí, ṣùgbọ́n ó yọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn wà sílẹ̀, kò fọwọ́ kàn án.

Edie yìí ni ẹ̀gbọ́n Rowley. Òun náà ni ìyàwó Tam.

Tam àti Rowley jọ wọ ilé ìwé lọ́jọ́ kan náà, wọ́n sì jọ sá kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ọjọ́ tí wọ́n di àna ara wọn ni wọn ò ti gbọ́ ara wọn yé mọ́. Lọ́dún kan, wọ́n yan ara wọn lódì títí Kérésì fi dé, nítorí ajá kan tó ti kú: Rowley ní ajá náà fẹ́ràn ọ̀dùnkún nígbà ayé ẹ̀, Tam ní irọ́ ni. Edie ló máa ń parí ẹ̀. Á ní kí àwọn méjèèjì jókòó, á gbé ọbẹ̀ ẹja síwájú wọn, á ní ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lòún máa gba abọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹnu á wá mọ sórí ṣíbí.

Ṣùgbọ́n kò sí Edie mọ́. Ìgbà òtútù tó kọjá ló kú. Àríyànjiyàn wá di ohun tí kò lẹ́ni tó ń parí ẹ̀.

Tam sì gbọ́dọ̀ dé Harka lọ́jọ́ yẹn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Edie ní pẹ́pẹ́yẹ òkun kan níbẹ̀, ẹsẹ̀ ògiri ilé àdúrà àtijọ́ ló máa ń sàba sí lọ́dọọdún, ibì kan náà, kì í yẹ̀. Lóṣù kẹfà, Edie á dé fìlà búlúù tó fọwọ́ ara ẹ̀ hun, èyí tí bọ́ọ̀lù òwú ńlá wà lórí ẹ̀, á lọ jókòó ti pẹ́pẹ́yẹ náà, á máa rojọ́ gbogbo ìlú fún un. Pẹ́pẹ́yẹ ò ní fèsì. Edie máa ń sọ pé ohun tóun fẹ́ràn lára ẹ̀ nìyẹn, pé nílé òun, ẹni tóun bá sọ̀rọ̀ fún a máa fèsì jù.

Nígbà tí ìyá Tam wà láyé, ilé oyin méjì ló ní lẹ́yìn ilé. Bí ẹnì kan bá kú nínú ẹbí, kó tó sọ fún àlùfáà pàápàá, ó ti lọ kan ilẹ̀kùn oyin kó, kó, á sọ fún wọn jẹ́jẹ́ pé lágbájá ti lọ o. Wọ́n ní ẹni tí kò bá sọ fún oyin, oyin á bínú kó lọ. Edie ò sin oyin ní tiẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ ló ní. Gbogbo ayé ni Tam ti sọ fún: àlùfáà, alápatà, obìnrin tó ń ta wàrà, títí kan àjèjì kan tó ṣi nọ́ńbà pè lórí fóònù. Ó ku pẹ́pẹ́yẹ. Kirsty, ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ erékùṣù náà, ti pe Tam lálẹ́ àná, ó ní ẹyin ti ń sán. Bí ìyẹ́ ara àwọn ọmọ bá ti gbẹ báyìí, ìyá wọn á kó wọn wọ òkun, ó di ọdún mìíràn. Atẹ́gùn líle sì ń bọ̀ láti ìlà oòrùn, ọkọ̀ kankan ò ní lè lọ lọ́la.

Ohun tó wá mú fìlà le fún Tam rèé. Láti ìgbà tí Edie ti fẹ́ ẹ ló ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dé fìlà, kí òtútù má bàa pa á. Kò dé e rí. Wọ́n máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ láàárín ara wọn: Edie ní ọjọ́ tó bá dé fìlà, òun máa rẹ́rìn-ín tí òun á ṣubú lórí àga. Kó wá di ẹ̀yìn ikú obìnrin kó tó lọ ra fìlà? Ta ló máa rẹ́rìn-ín?

Fìlà kan wà lára ẹ̀ lóòótọ́. Inú kóòtù ló wà, nínú ọ̀rá tó dì pinpin. Fìlà búlúù yẹn ni. Òórùn irun Edie ṣì wà nínú ẹ̀. Tam a máa tú ọ̀rá náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á fi imú kan án, á tètè dì í padà, bí ẹni tí ṣúgà fẹ́ tán nílé ẹ̀. Ó mú un dání kí pẹ́pẹ́yẹ lè rí i, kó lè mọ̀ pé ẹni tó wá jíṣẹ́ kì í ṣe oníjìbìtì. Ṣùgbọ́n kó dé e? Kí ẹyẹ yàgbẹ́ sí i? Rárá o. Kò sì lè sọ èyíkéyìí nínú ẹ̀ fún Rowley. Ó kúkú rọ̀ ọ́ lọ́rùn kó máa jà.

Ó wá sọ̀ kalẹ̀ wọ ọkọ̀, orí lásán, ó jókòó. Ó ní kí Rowley wá gbé òun sọ sódò tó bá lágbára ẹ̀. Rowley ní òun ò ní gbé e sọ sódò, pé àwọn ẹja ò ṣẹ òun. Àpótí kan wà lábẹ́ ìjókòó, ibẹ̀ ni Rowley máa ń kó fìlà táwọn èrò bá gbàgbé sí. Bó ṣe ń wo Tam lójú kòró ló ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fa ẹyọ kan ṣoṣo tó kù níbẹ̀ yọ, kò wò ó, ó rọ ọ́ mọ́ Tam lórí títí dé ìpéǹpéjú.

Gbogbo èrò yíjú sí orí Tam.

Fìlà ọmọdé ni. Àwọ̀ ẹ̀ rí bí ètè ìkókó. Ó létí méjì, ó sì ní imú ribiti kan níwájú tó ní ihò méjì.

Àwa tá a wà lórí ilẹ̀ lè dárúkọ ẹ̀: ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn apẹja etíkun wa, ẹni tó bá dárúkọ ẹran yẹn nínú ọkọ̀ ti pe ìjì nìyẹn. Ẹni bá ṣèèṣì dárúkọ ẹ̀, irin tútù ló máa sáré fọwọ́ kàn. Àwọn baba ńlá wọn máa ń padà sílé láìpẹja, tí wọ́n bá pàdé ẹ̀ lójú ọ̀nà èbúté. Kí wọ́n wá gbé e wọ ọkọ̀, kí wọ́n tún fi dé èèyàn lórí!

Rowley di irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú. Tam náà di irin mú. Ó mọ ohun tó wà lórí ẹ̀, ó rí òjìji etí méjèèjì nínú omi.

"Mú un kúrò," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Èmi kọ́. Orí ẹ ló wà."

"Ìwọ lo fi síbẹ̀."

"Mi ò mọ̀ pé òun ni. Má mì. Má mirí rárá."

Obìnrin kan tó wá láti ìlú ńlá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ó mà wuyì o, ó ní ẹ wo ojú ẹl... Rowley ò jẹ́ kó parí ẹ̀. Ó fa okùn ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó wá mú ọ̀pá gígùn tó ní ìkọ́ lẹ́nu, èyí tó fi ń fa ọkọ̀ mọ́ èbúté. Ó nà án jìnnà, ó fi kọ́ fìlà yẹn ní etí kan, ó yọ ọ́ lórí àna ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń yọ ìkòkò gbígbóná lórí iná, ó sì fi kọ́ orí òpó irin tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́. Kò dúró wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ó tú okùn, ó dorí ọkọ̀ kọ ojú òkun, ó ń sá fún òpó irin.

Ó ti la ẹnu èbúté kọjá kó tó rántí pé Tam ṣì wà nínú ọkọ̀, orí lásán, atẹ́gùn ń fẹ́ ewú ẹ̀ síwá sẹ́yìn.

Tam kàn rẹ́rìn-ín sí òkun.

Rowley ní kò tíì tán. Ó ní kílẹ̀ tó ṣú, Tam máa dé fìlà ní erékùṣù yẹn, àfi kí òun jẹ fìlà tòun. Tam ní kó bẹ̀rẹ̀ látetí, ibẹ̀ ló máa ń rọ̀ jù.

Nígbà tí wọ́n dé Harka, àwọn ajá òkun ló kọ́kọ́ kí wọn. Wọ́n sùn gbalaja sórí àpáta bí àpò gààrí tó já bọ́ lẹ́yìn ọkọ̀ ẹrù, wọ́n ní irùngbọ̀n, ojú wọn tóbi, ó ń dán. Wọ́n ń ké. Igbe ajá òkun ò jọ igbe ẹranko, ó jọ ti ẹni tó ń pe ẹnì kan nínú ilé, tí onítọ̀hún ò dáhùn, tó wá ń pè é lẹ́ẹ̀kan sí i. Edie máa ń dá wọn lóhùn. Tam yíjú sí ibòmíràn.

Kirsty dúró ní ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá Tam, ẹ kú ìrìn. Fìlà yín ńkọ́?" Tam ní ó wà nínú àpò òun. Kirsty ní orí kì í gbé inú àpò. Ó ní kí wọ́n yára ṣá, pé ìyá àwọn ọmọ yẹn ti ń nàró.

Tam gba ọ̀nà lọ. Àwọn olórí-dúdú rí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí òjò yìnyín rí, ẹ fi ẹnu àti ìbínú kún un. Àkọ́kọ́ gún un ní àtàrí, èkejì gún un létí, ìkẹta ò gún un, ó kàn yàgbẹ́ sí i ní ọrùn kó lè mọ̀ pé òun náà wá. Tam ò sáré. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo àyà, ibi tí ọ̀rá wà, ó fi orí sílẹ̀ fún wọn. Nígbà tó fi dé ẹsẹ̀ ògiri ilé àdúrà, ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn dé ìpéǹpéjú ẹ̀.

Pẹ́pẹ́yẹ wà níbẹ̀. Àwọ̀ ẹ̀ jọ ilẹ̀ tó jókòó sí. Ó wo Tam, kò sá.

Tam jókòó sórí koríko. Gbogbo ohun tó ti ń kọ́ ara ẹ̀ láti sọ láti ìgbà òtútù fò lọ. Ó wá bẹ̀rẹ̀ níbi tí Edie ì bá ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní oníbúrẹ́dì ti ra èyín tuntun, ó ń fi rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn. Ó ní àlùfáà fi kẹ̀kẹ́ ya wọ inú ọgbà opó kan, ẹlẹ́ẹ̀kẹta nìyẹn lóṣù yìí, àwọn èèyàn ò sì gbà pé ìjánu kẹ̀kẹ́ ló já. Ó ní Rowley ṣì jẹ́ òmùgọ̀. Ó tú ọ̀rá, ó mú fìlà jáde, ó gbé e sórí orúnkún kí pẹ́pẹ́yẹ lè rí bọ́ọ̀lù òwú náà dáadáa.

Ó wá sọ ọ́.

"Edie ò ní lè wá mọ́. Kì í ṣe pé ó bínú sí ẹ."

Pẹ́pẹ́yẹ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Ó dìde. Tam rò pé ó gbọ́ ni. Bóyá ó gbọ́ lóòótọ́, bóyá àsìkò ọmọ ló tó, ta ló mọ inú pẹ́pẹ́yẹ? Àwọn ọmọ tú jáde lábẹ́ ẹ̀, dúdú, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni da èso ìtàkùn sílẹ̀. Ìyá wọn kọjú sí òkun, wọ́n tò tẹ̀ lé e.

Kirsty ti sáré síwájú, ó ń fi ọ̀pá lé àwọn ẹyẹ òkun ńlá funfun tó fẹ́ fi wọ́n panu. Ó ké sẹ́yìn pé kí Tam má fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú wọn o, òfin erékùṣù ni. Kò tíì sọ ọ́ tán tí ọmọ tó kẹ́yìn já sínú ihò. Àwọn ẹyẹ alẹ́nu-pupa ló máa ń gbẹ́ irú ihò yẹn, wọ́n pọ̀ nílẹ̀ Harka bí ojú ihò ajere. Ìyá ò mọ̀. Ó ń lọ. Ọmọ ń ké nínú ilẹ̀, fíín, fíín.

Tam dùbúlẹ̀. Ó ki apá bọ ihò títí dé èjìká, nǹkan rírọ̀ kan ń sá fún ìka ẹ̀. Ó rántí òfin: ọwọ́ ò gbọdọ̀ kàn án. Ó yọ apá. Ó wo ihò náà, ó wo fìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Nínú gbogbo ayé, ibẹ̀ nìkan ni òórùn yẹn kù sí.

Igbe ti ń lọ sílẹ̀ nínú ihò.

Ó ti ọwọ́ bọ fìlà bí ẹni wọ ìbọ̀wọ́, ó ki í bọlẹ̀, ó rọra pa á dé, ó fà á jáde. Ọmọ náà wà nínú ẹ̀, ó ń gbọ̀n, ó sì ti yàgbẹ́. Tam dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé fìlà síwájú bí ẹni tó gbé abọ́ ọbẹ̀ tó kún dẹ́nu, ó gba àárín àwọn olórí-dúdú padà, kò sí ọwọ́ tó lè fi bo orí. Wọ́n fi ojú ẹ̀ rí nǹkan. Ó dé etí omi, ó bẹ̀rẹ̀, ó dojú fìlà dé lórí omi. Ọmọ já bọ́, ó rì, ó lefòó, ó wẹ̀ lọ bá ìyá ẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Pẹ́pẹ́yẹ ò wẹ̀yìn. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń kéré, ìgbì bò wọ́n mọ́ra.

Tam gbé fìlà sí imú. Ó fà á símú dáadáa. Òórùn ewéko òkun ló gbọ́, àti ti ìgbẹ́ ọmọ ẹyẹ. Ó yí i sí inú síta, ó wá òórùn Edie ní ibi tí iwájú orí máa ń wà, ó wá a lẹ́yìn, níbi tí irun máa ń dì sí. Kò sí.

Àwọn ajá òkun ń pe ẹni tí wọ́n ń pè.

Ó wá dé fìlà náà. Ó há díẹ̀, ó tutù, omi ń kán sí i lọ́rùn.

"Ó yá," ó sọ ọ́ sínú afẹ́fẹ́. "Rẹ́rìn-ín."

Inú ọkọ̀ ni Rowley wà, ó ń da tíì sínú ife. Bọ́ọ̀lù òwú búlúù ló kọ́kọ́ rí, tó ń bọ̀ lókè òkè, tó ń mì sọ́tùn-ún sósì, kó tó rí orí, kó tó rí ẹni tó ni ẹsẹ̀. Ó nàró. Ó da tíì sórí bàtà ara ẹ̀, ó ṣì ń dà á nígbà tí ife ti kúrò níbẹ̀. Tam wọlé, ó jókòó. Ìgbẹ́ ẹyẹ ti kún orí fìlà bí ìràwọ̀. Rowley wo ibòmíràn. Ó tan ẹ́ńjìnnì. Láti Harka dé Ellhaven, kò sọ̀rọ̀, Tam náà ò sọ̀rọ̀, bí ẹni pé abọ́ ọbẹ̀ wà níwájú wọn.

Fìlà tá ò gbọdọ̀ dárúkọ ṣì wà lórí òpó irin, ó ń wo òkun. Nítorí náà Rowley ò gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ó wa ọkọ̀ lọ sí òdìkejì, níbi tí àtẹ̀gùn ti jẹrà, àwọn èrò ń gòkè pẹ̀lú ìráhùn. Tam ló gòkè kẹ́yìn. Nígbà tó dé òkè ni Rowley tó rí ohùn.

"O dé fìlà."

"Fìlà wo?"

"Èyí tó wà lórí ẹ. Ní erékùṣù lo ti dé e, kílẹ̀ tó ṣú. Mo borí."

Tam fọwọ́ kan ibẹ̀, bí ẹni tí kò mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Èyí? Ọkọ̀ nìyí. Ó ti gbé èrò kan lónìí, ó gbé e dé ibi tó ń lọ, kò sì béèrè fìlà lọ́wọ́ ẹ̀. Ìwọ tó o pe ara ẹ ní ọlọ́kọ̀, ó yẹ kó o dá ọkọ̀ mọ̀ tó o bá rí i."

Rowley ní fìlà ni. Ó ní fìlà ẹ̀gbọ́n òun ni, ojú òun ló ṣe hun ún. Ohùn ẹ̀ fẹ́ já lórí "ẹ̀gbọ́n", ó wúkọ́ lé e.

"Ọkọ̀ ni," Tam wí.

Ó yí padà, ó gba ọ̀nà òkè lọ sílé, ọ̀nà tí Edie máa ń gbà. Ó ń rìn bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ. Bọ́ọ̀lù òwú ń mì lórí ẹ̀. Nísàlẹ̀ níbẹ̀, Rowley rí fìlà búlúù tó ń gòkè lọ, ọwọ́ ẹ̀ sì dìde fúnra ẹ̀, ó juwọ́ bó ṣe máa ń jù ú sí Edie lọ́dọọdún. Tam ò bojú wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n òun náà gbé ọwọ́ sókè, nítorí ó mọ̀ pé òun ló borí.